Màmá Motọ́láyọ̀ Akínwándé, Ẹni Tí Ó Gbé Èémí Rẹ̀ Lọ́wọ́ Rìn (1954–2025)

Ògòtún Èkìtì ni ilé Dúrójayé wà, ibẹ̀ ni a sì gbé bí Victoria Motọ́láyọ̀ Àwẹ̀ró ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1954. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá tí ó bí wọn, Olóògbé Samuel Dúrójayé. Ìyá wọn, Olóògbé Esther Dúrójayé, a máa hun ẹní, a sì máa yan gàrí tà lọ́jọ́ ọjà. Ọmọ mẹ́fà ni ìyá yìí bí. Motọ́láyọ̀ ni ìkẹta, òun sì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù nínú wọn. Bí wọ́n bá ní kí ó dákẹ́, á ní òun kò tíì sọ ìdajì ohun tí òun fẹ́ sọ.

Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ògòtún ní ọdún 1960. Kí wọ́n tó lọ sí kíláàsì láàárọ̀, wọ́n á ti jókòó ti agbada gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wọn, èéfín á máa fẹ́ sí wọn lójú, ọwọ́ kan á máa ro gàrí, ọwọ́ kejì á di ìwé mú. Gàrí yìí ló rán wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, wọ́n sì gba ìwé-ẹ̀rí Gíréèdì Tùú ní ọdún 1974. Kò pẹ́ tí wọ́n di tíṣà ni ikọ́ ife kọ lù wọ́n. Ó dá wọn dùbúlẹ̀ fún oṣù mélòó kan, wọ́n lo oògùn rẹ̀ parí, wọ́n sì dìde. Gbogbo ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí síbẹ̀.

Ní ọdún 1978, wọ́n wá sí Ìkẹ́rẹ́ láti kàwé sí i ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Ibẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Ezekiel Akínwándé ti rí wọn. Ọmọ Odò-Ọjà ní Ìkẹ́rẹ́ ni, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu rẹ̀. Bàbá fúnra wọn ló máa ń sọ pé àwọn kò tíì dẹnu ìfẹ́ kọ Motọ́láyọ̀ tán tí ó fi gbà, kí òun náà lè ráyè sọ tirẹ̀. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1982. Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ: Fẹ́mi, Fúnmi àti Dàpọ̀.

Títí di ọdún 2014 tí wọ́n fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-ìwé, kò sí àdúgbò kan ní Ìkẹ́rẹ́ tí Màmá kò ní ọmọ tí wọ́n kọ́ ní A B D sí. Nínú Ìjọ Áńgílíkà tí wọ́n ń lọ, àwọn ni olórí Ẹgbẹ́ Ìyá fún ọdún púpọ̀. Bí wọ́n bá ní kí ìpàdé bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin, aago mẹ́rin ni Màmá yóò gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé àga nìkan ni yóò ṣe àmín.

Ní nǹkan bí ọdún 2017, àwọn tí wọ́n jọ ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé Màmá ń dúró lójú ọ̀nà. Màmá ní òkè Olósùnta ni àwọn ń wò. Ta ni kò mọ̀ pé òkè náà ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dé Ìkẹ́rẹ́? Nígbà tí yóò fi di ọdún 2019, Màmá kò lè ti ìyẹ̀wù dé balùwẹ̀ láìdi ògiri mú. Dókítà kan ní Adó yẹ̀ wọ́n wò dáadáa. Ó ní ikọ́ ife àtijọ́ àti èéfín ọdún gbọọrọ ti dá àpá sí ẹ̀dọ̀fóró wọn, àpá náà kò sì ní oògùn. Ọ́síjìn ni wọn yóò máa fà símú láti inú ẹ̀rọ tó ń lo iná, lọ́sàn-án àti lóru, títí ọjọ́ ayé wọn.

Màmá bi dókítà léèrè pé, "Ṣé mo lè máa fi kọ́ ọmọ níwèé?"

Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé mo lè máa fi jẹ iyán?"

Ó ní kò sí ẹni tó ní kí wọ́n má jẹ iyán.

Ni Màmá bá yíjú sí Bàbá. "Bàbá Fẹ́mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ sí ulé. A ti gbọ́."

Fẹ́mi tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá sáré wálé. Ó ti wá yàrá sílẹ̀ fún Màmá lọ́dọ̀ ara rẹ̀. "Màmá, iná ibí kò ṣe é gbọ́kàn lé. Ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ."

"Kí ni n ó máa ṣe ní Àbújá?"

"Ẹ ó máa sinmi."

"Ẹni tó ti kú ló ń sinmi, Fẹ́mi. Èmi ṣì níṣẹ́ lọ́wọ́."

Ojú Fẹ́mi rọ́. "Ẹ̀rù ló ń bà mí, Màmá. Bí iná bá lọ ńkọ́?"

Màmá di ọwọ́ ọmọ wọn mú. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n bí mo bá máa bẹ̀rù, jẹ́ kí n máa bẹ̀rù nínú ulé mi."

Bẹ́ẹ̀ ni Fẹ́mi ṣe gbé sólà sórí òrùlé àti bátìrì sí kọ̀rọ̀ pálọ̀, tí Fúnmi sì ti Àkúrẹ́ ra rọ́bà gígùn tó lè ti ẹ̀rọ ọ́síjìn dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú àti àgbàlá lẹ́yìn. Sílíńdà ńlá kan dúró fún ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá kọṣẹ́. Fún òde, wọ́n ní sílíńdà kékeré lórí kẹ̀kẹ́ aláfọwọ́tì. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Màmá ti tún ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìṣirò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, rọ́bà nímú, pákó ìkọ̀wé lẹ́sẹ̀.

Ilé ìdáná ló dun Màmá. Ọ́síjìn àti iná kò gbọdọ̀ pàdé, nítorí náà wọn kò lè sún mọ́ ààrò mọ́. Wọ́n gbé àga sí ibi tó jìnnà lágbàlá, Bàbá tí kò se omi gbígbóná rí sì bọ́ sídìí ìkòkò.

"Iyọ̀ mélòó?" ni Bàbá ké láti inú ilé ìdáná.

"Ẹ má bi mí ní mélòó. Ẹ tọ́ ọ wò."

Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àkọ́kọ́ yẹn, ajá pàápàá gbóòórùn rẹ̀, ó kọjá lọ. Màmá jẹ tiwọn tán, wọ́n ní ó dára ju ti ilé ìwòsàn lọ. Lọ́jọ́ mìíràn tí Bàbá ń gúnyán, Màmá ké láti orí àga pé, "Bàbá Fẹ́mi, uṣu yẹn ṣì ní kókó. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ odó." Bàbá dáhùn pé, "Ṣé etí lo fi ń jẹ iyán ni?" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí Màmá fi ní láti sinmi.

Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ló rọrùn. Rọ́bà náà bó wọn létí, ó sì gbẹ wọ́n nímú. Nígbà ọyẹ́, èémí wọn kì í tó parí gbólóhùn kan, ẹni tí ọ̀rọ̀ jẹ́ oúnjẹ fún. Wọ́n sunkún nítorí rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, Bàbá á jókòó tì wọ́n, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ á sì máa ròyìn gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò, títí kan ewúrẹ́ tó jẹ iṣu ará ẹ̀yìnkùlé.

Lọ́jọ́ ìsọjí kan ní ọdún 2021, ajíhìnrere àlejò kan na ọwọ́ sí Màmá láàárín ìjọ. "Ìyá, bí ẹ bá nígbàgbọ́, ẹ bọ́ rọ́bà yẹn sílẹ̀!"

Màmá rọra dìde. "Ọmọ mi, ìgbàgbọ́ ni mo fi gbé e wá síbí. Awò ojú tí ẹ fi ń ka Bíbélì ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ bọ́ tiyín kí n rí i."

Ajíhìnrere náà rẹ́rìn-ín ṣáájú gbogbo ìjọ. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí pẹpẹ, ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, ó sì bá wọn ti kẹ̀kẹ́ sílíńdà dé ẹnu ọ̀nà.

Kò pẹ́ sígbà náà tí Màmá gbọ́ pé Bàbá Bámijókò, ará ìjọ wọn tí ó ń tún aago ṣe nígbà kan, ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ́síjìn, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí nítorí ìtìjú. Màmá ní kí wọ́n gbé àwọn lọ síbẹ̀. Wọ́n kan ilẹ̀kùn. "Bámijókò, ṣé ẹ jí i gbé ni tí ẹ fi ń fi í pamọ́?" Bàbá Bámijókò ṣílẹ̀kùn. Àwọn méjèèjì jókòó síwájú ilé, tàwọn ti rọ́bà nímú, wọ́n ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá títí oòrùn fi wọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni Bàbá Bámijókò ti padà sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Dàpọ̀ gbé Monísọ́lá, ọmọ Ìjàn-Èkìtì, níyàwó. Ìjàn ni wọn yóò ti so wọ́n pọ̀. Àwọn ọmọ bẹ Màmá pé kí wọ́n jókòó sílé kí wọ́n wò ó lórí fóònù.

"Fóònù kọ́ ló rọbí Dàpọ̀," ni èsì Màmá.

Wọ́n gbéra. Sílíńdà kékeré kan wà lẹ́sẹ̀ Màmá nínú ọkọ̀ tí Yínká, awakọ̀ àdúgbò, ń wà. Èkejì wà lọ́wọ́ Fẹ́mi tí ọkọ̀ rẹ̀ ti ṣíwájú. Wọ́n ti kọjá Adó dáadáa nígbà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Yínká gbóná, tí ó sì kú pátápátá. Fóònù kò wọlé níbẹ̀. Bí ó ti ń pẹ́, ọwọ́ aago ara sílíńdà, tó ń fi bí afẹ́fẹ́ ti kù hàn, wọ ibi pupa. Bàbá ń sáré sọ́tùn-ún sósì lójú títì, wọ́n ń juwọ́ sí gbogbo ọkọ̀.

"Bàbá Fẹ́mi, ẹ wá jókòó."

"Motọ́láyọ̀, afẹ́fẹ́ rẹ ń tán lọ!"

"Mo mọ̀. Bí ẹ bá ṣubú síbẹ̀, ta ni yóò bá mi ti kẹ̀kẹ́ sílíńdà wọ ṣọ́ọ̀ṣì?"

Dókítà ti kọ́ Màmá bí wọn yóò ti ṣe. Wọ́n fẹ̀yìn ti igi kan lẹ́bàá títì, wọ́n yí kọ́ọ̀kì sílíńdà sílẹ̀ díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà tètè tán, wọ́n sún ètè jọ bí ẹni tí ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, wọ́n sì ń mí díẹ̀díẹ̀. Bàbá jókòó tì wọ́n. Ètè Màmá ti ń ṣú nígbà tí ọkọ̀ èrò kan tí ń lọ sí Ìjàn dúró. Àwọn inú ọkọ̀ rí rọ́bà nímú wọn, wọ́n rí aṣọ ìyá ọkọ ìyàwó lára wọn. Mẹ́ta nínú wọn sọ̀ kalẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n. "Ẹ máa lọ, Yèyé. A ó wọ òmíràn."

Fẹ́mi ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń fi ìkánjú so rọ́bà mọ́ sílíńdà kejì. "Rọra," ni Màmá wí, "ìwọ kọ́ ni ọkọ ìyàwó." Wọ́n sinmi títí àwọ̀ fi padà sí ètè wọn. Bàbá wá bá wọn ti kẹ̀kẹ́ sílíńdà wọlé. Àlùfáà dánu dúró, ìjọ dìde, Dàpọ̀ sì fi ọwọ́ nu ojú níwájú pẹpẹ. Láti ọjọ́ náà, Fẹ́mi kò dárúkọ Àbújá fún Màmá mọ́. Bátìrì mìíràn ló rà wá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹjọ ọdún 2025, Màmá jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà, wọ́n wo iṣẹ́ àwọn ọmọ lẹ́sìnnì, wọ́n sì bá ọ̀kan wí nítorí pé kò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí Bàbá fi ìrọ̀rí ti àwọn lẹ́yìn. Iná wà, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, rọ́bà wà nímú. Afẹ́fẹ́ kò tán. Àkókò ló tó. Wọ́n sùn, wọn kò sì jí mọ́.

Wọ́n fi ọkọ wọn ọ̀wọ́n sáyé, Bàbá Ezekiel Akínwándé. Àwọn ọmọ wọn, Fẹ́mi, Fúnmi àti Dàpọ̀. Monísọ́lá àti àwọn àna yòókù. Àwọn ọmọ-ọmọ, Daniel, Gift, Tinúọlá àti àwọn àbúrò wọn. Àwọn ẹbí Dúrójayé ní Ògòtún. Bàbá Bámijókò, ọ̀rẹ́ wọn. Àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ tí wọ́n kọ́ níwèé.

Motọ́láyọ̀ Àwẹ̀ró, ọmọ Dúrójayé, aya Akínwándé, èémí tí a fún yín, ẹ ò fi ṣòfò. Kí Ẹni tó mí i sí yín nímú ní Ògòtún fi ayọ̀ gbà yín. Kí ilẹ̀ Ìkẹ́rẹ́ tí ẹ kọ̀ láti fi sílẹ̀ rọ̀ yín lára. Ẹ sùn ire, Yèyé.