Iyùn Tó Hó

Ọjọ́ Ajé, 6 Ógọ́ọ̀sì 1962. Inísà.

Òkúta ni, igi ni, àbí ẹran? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn.

Àkànjí, ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ òkun, wọ rélùwéè dé Ìkìrun lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó kó nǹkan funfun mẹ́ta fún mi nínú agolo bisikíìtì. Ó ní kí n tò wọ́n sínú àpótí gíláàsì tí mo ń sin ẹja sí ní pálọ̀, kó lè jọ ìsàlẹ̀ òkun. Ó ní ọmọ ìyá iyùn ni wọ́n, pé kòkòrò kéékèèké ló kọ́ wọn, bí ikán ṣe ń kọ́lé.

Àkànjí kan náà tó ní òun rí ẹja tó ń fò.

Ọjọ́rú, 8.

Mo ṣí Onírungbọ̀n — ìwé ẹ̀dá inú òkun tí òyìnbó onírungbọ̀n kan fi sílẹ̀ fún mi. Ọ̀kan jọ ìwo àgbọ̀nrín. Mo rí àwòrán rẹ̀. Èkejì jọ ọpọlọ àgùntàn. Mo rí i. Ẹ̀kẹta rí bí abẹ́ olú. Ojú ìwé mẹ́rin, n kò rí i. Ìyàwó mi Keziah ní tí n kò bá rí orúkọ rẹ̀, kí n sọ ọ́ ní Àkànjí, kí n wá jẹun.

Ìwé náà gbà pé ìbátan iyùn ni wọ́n. Irọ́ kọ́ ni Àkànjí pa, àfi bí òun àti ìwé bá jọ ń pa á.

Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti dárúkọ iyùn ni ọkàn mi dúró sí. Iyùn ìyá wa wà lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Àjíkẹ́ ní Òkúkù, láti ìgbà tí ìyá ti kú. Òun ló ń fi í ṣe ìyàwó ilé wa lọ́ṣọ̀ọ́, òun ló ń bọ́ ọ padà sínú àpótí. Mo rí i lọ́rùn ìyàwó kan lóṣù tó kọjá. Kì í ṣe pupa tí mo mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 9.

Ta ló pààrọ̀ rẹ̀?

Ọjọ́ Àìkú, 12.

Èmi àti Keziah lọ sí Òkúkù lẹ́yìn ìsìn. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa ní 1951, ìyá mi gé okùn iyùn rẹ̀ sí méjì, ó fi ìdajì kan sí Keziah lọ́rùn. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí ó mú tirẹ̀ dání. Ó béèrè pé ṣé dandan ni. Mo ní dandan ni.

Bàbá Jọláyẹmí, olórí ẹbí, jókòó. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú àwo méjì. Mo ṣàlàyé: ohun tó ti bá omi iyọ̀ gbé láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kí ni omi ọsàn fẹ́ fi í ṣe? Ayédèrú ni yóò yọ́. Mo ju ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú wọn.

Ti Keziah jókòó jẹ́ẹ́. Ti Ẹ̀gbọ́n hó bí ọṣẹ. Nígbà tí mo yọ ọ́, dídán rẹ̀ ti lọ.

Ẹ̀gbọ́n ní iyùn tí kò sí lọ́rùn èèyàn máa ń ṣàárẹ̀, ìdí nìyẹn tí pupa rẹ̀ fi lọ sílẹ̀. Mo ní àlọ́ nìyẹn. Ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni àwọn ìyá fi ń mọ iyùn. Mo rẹ́rìn-ín. Ó mú ti Keziah, ó gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó pẹ́ díẹ̀. Ó wo ojú Keziah. Ó gbé e sílẹ̀. Ohun tó sọ kò ju èyí lọ: “Àbúrò mi, ìwọ lo kàwé. Ṣùgbọ́n ọrùn ìyá wa ni mo ti fọwọ́ ara mi tú u.”

Ẹni tó jẹ̀bi kì í rí ọ̀rọ̀ púpọ̀ sọ.

Bàbá Jọláyẹmí gbọ́wọ́ lé mi léjìká pé owó ilé-ìwé mi ò ṣòfò. Ẹbí yóò jókòó lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Wọn yóò gba kọ́kọ́rọ́ àpótí. Ẹ̀gbọ́n kò ní ṣe ìyàwó lọ́ṣọ̀ọ́ nílé wa mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14.

Wọ́n ní àwọn ìyàwó ilé ti ń yà fún Ẹ̀gbọ́n lọ́nà odò. Keziah kò jẹun. Ẹ̀fọ́rí, ó ní. Mo béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀fọ́rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18.

Èéhù ti bo gíláàsì ilé ẹja. Lọ́sàn-án yìí, mo kó àwọn ọmọ ìyá iyùn jáde sórí pẹpẹ, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ nu gíláàsì. Omi rẹ̀ kán sórí Ìwo Àgbọ̀nrín.

Ó hó.

Mo kán an sórí Ọpọlọ. Ó hó. Abẹ́ Olú — ó hó. Mo kán an sórí gíláàsì. Jẹ́ẹ́.

Mo sáré ṣí Onírungbọ̀n ní ojú ìwé tí mo ti fò torí kò ní àwòrán. Ohun tó kọ́ iyùn kò yàtọ̀ sí ìkarawun ìgbín: ohun kíkan ń jẹ ẹ́. Èyí tó hó ni iyùn. Mo ti ba ìlẹ̀kẹ̀ ìyá mi kan jẹ́, mo sì ti sọ ọmọ rẹ̀ di olè.

Èyí tí kò hó ńkọ́?

Keziah dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti pẹ́ tó ti ń wò mí. Mo béèrè ìgbà wo ló ta tirẹ̀.

“Ọdún tí ṣọ́ọ̀ṣì ní àwọn ò lè rán yín ní kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ́, Bàbá Ọmọ́dára. Ta lẹ rò pé ó rán yín?”

Mo rò pé pásítọ̀ yí ọkàn padà ni. Èmi tí mò ń bi Àkànjí, tí mò ń bi ìwé, tí mo bi ẹ̀gbọ́n mi níwájú ẹbí. N kò béèrè ìyẹn rí.

Ẹ̀gbọ́n sì ti mọ̀. Láti ìgbà tó ti gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó mọ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó gba orúkọ olè.

Ọjọ́ Àìkú, 19.

N kò sùn. Bí mo bá ní ti Ẹ̀gbọ́n ni òtítọ́, wọn yóò béèrè ti Keziah. Bí mo bá dákẹ́, kọ́kọ́rọ́ yóò kúrò lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n lónìí. Mo kọ irọ́ kan sórí tákàdá: méjèèjì ni iyùn, ọsàn ló ti bàjẹ́. Mo kà á. Irọ́ tó dáa ni. Bàbá Jọláyẹmí yóò gbà á lọ́wọ́ èmi tíṣà. Mo fà á ya.

Keziah ti wẹ̀. Ó ti wé gèlè. Ó fi gíláàsì pupa náà sọ́rùn, sórí bùbá, níbi tí gbogbo ayé yóò ti rí i.

“Ẹ jẹ́ ká tètè lọ,” ó ní. “Èmi ni n ó sọ ọ́.”

Ilẹ̀ ti mọ́. Mo pa fìtílà.