Ẹja Márùn-ún Tí Mo Pín Kiri

Ilé wa ní Fẹ́sítààkì,
Èkó.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ẹ̀bùnlọlá, Àyìnkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ Àbújá, mo sì kí ọ kú òtútù ẹ̀rọ amúlétutù tí o ní wọ́n fi ń pa yín lọ́fíìsì. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ pẹ̀lú ara líle àti ọkàn tó balẹ̀. Èmi náà wà, àfi eékún tó ń dùn mí, ìyẹn sì ti di ará ilé.

Á yà ọ́ lẹ́nu pé mo kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ojú ń tì mí ni. Mo mọ ara mi: bí mo bá pè ọ́, màá yí ọ̀rọ̀ náà sí ti òjò àti iná mànàmáná. Díákónì Àdúràolúwa tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún ló bá mi mú un wá.

Lọ́jọ́ Ìsinmi ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, o bi mí pé àwọn ẹja rẹ ńkọ́, mo ní wọ́n ń kí ọ. Irọ́ ni mo pa. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà nínú àpótí onígíláàsì rẹ nígbà yẹn. Bẹ́ẹ̀ mẹ́fà lo gbé wá láti ọjà Raji Rasaki kí o tó lọ, o sì sọ ọ́ lójú mi pé, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ wà o.” Mo gbọ́. Mo kàn rò pé kí ni ọmọ yìí fẹ́ kọ́ mi nípa ẹja.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbàkigbà tí mo bá da oúnjẹ sínú omi, wọ́n á máa lé ara wọn kiri. Ẹja tí kò ju ìka ọmọdé lọ, ẹ wo ìjà! O mọ bàbá rẹ. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ọ̀rọ̀ tíráńsífà òṣìṣẹ́ ló sì wà lọ́wọ́ mi. Bí èèyàn méjì bá ń jà, ọ̀kan á gba Sókótó lọ, èkejì á gba Kàlàbá, ọ́fíìsì á sì tòrò. Ni mo bá mú bébà, mo fi rúlà fa ìlà, mo ṣe tíráńsífà fún ẹja márùn-ún. Nínú àwọn aládùúgbò, Bàbá Ògúndípẹ̀ gba ọ̀kan, Màmá Lilian gba ọ̀kan sínú ìgò súwíìtì, mẹ́ta lọ sọ́dọ̀ àwọn ará ìjọ. Gbogbo wọn ń dúpẹ́, orí mi sì ń wú.

Mo rò pé èyí tó kù á máa jayé bíi lándílọ́ọ̀dù. Àṣé mo ń tan ara mi ni. Kò tó ọjọ́ mẹ́rin tí ìlà pupa ara rẹ̀ fi ṣá. Ó lọ há ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi, kò jáde, kò jẹun. Mo gbé dígí tì í, bóyá á rò pé èèyàn rẹ̀ dé. Ó yọjú wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó padà.

Ni mo bá lọ bá Àǹtí Beatrice tó ń ta irú ẹja bẹ́ẹ̀ ní Àgbójù, mo ní kó fún mi lóògùn. Ó ní, “Dádì, mélòó lẹ ní?” Mo ní ọ̀kan. “Háà! Dádì, ẹ ò ṣe dáadáa o. Ẹja kan wà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá fi ìkejì tì í, wọ́n á pa ara wọn. Ìyẹn lè dá wà. Ṣùgbọ́n eléyìí, tí kò bá rí irú ẹ̀, ẹ̀rù lá máa bà á títí á fi kú.” Mo ní wọ́n ń jà ńkọ́? Ló bá rẹ́rìn-ín. “Ìjà kọ́, Dádì. Bí ọmọ ìyá ṣe ń ṣe nídìí oúnjẹ nìyẹn.” N ò mọ ìgbà tí mo jókòó sórí àga rẹ̀. Ó rò pé oòrùn ló mú mi, ó já omi inú ọ̀rá fún mi.

Àyìnkẹ́, ẹ̀yin ni mo rántí. Nígbà tí ìyá yín kú, o jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Láídé méje, Samson mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ jà nítorí ẹran, àwo fọ́. Mo mú bébà, mo fa ìlà. Ìwọ, sọ́dọ̀ ẹbí ní Ṣágámù. Láídé, Iléṣà. Samson, Abẹ́òkúta. Àwọn ẹbí sọ pé mo ṣe é re, pé ọkùnrin kì í dá tọ́mọ. Nígbà tí mọ́tò dé, o di férémù ilẹ̀kùn mú, o ní, “Bàbá, a ò ní jà mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, a ò ní jà mọ́.” Mo tú ìka rẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. N ò dá ọ lóhùn.

Láti ìgbà náà, ọdún sí ọdún lẹ ń ríra. Ní Kérésì tó kọjá, mo gbọ́ tí o ń bi Samson bóyá ó máa ń jẹ ata. Ọmọ ìyá rẹ! Mo gbọ́ ọ, mo sì dìde lọ sí yàrá mi.

Mo ti lọ gba àwọn ẹja náà padà. Ẹ̀tẹ́ gbáà ni kí àgbà fúnni lẹ́bùn, kó tún wá gbà á. Bàbá Ògúndípẹ̀ ní, “Adédìran, ṣé o ti di ọmọdé ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ti Màmá Lilian ti kú kí n tó dé ibẹ̀, mo bẹ̀ ọ́, má bínú. Márùn-ún ni wọ́n báyìí. Ara wọn ti ń pọ́n padà, wọ́n sì tún ti ń lé ara wọn. N kì í dá sí i mọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹja ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. Èsì tí n kò fún ọ lẹ́nu ilẹ̀kùn, gbà á lónìí: kì í ṣe torí pé ẹ jà. Ẹ ò ṣẹ̀ mí rárá. Èmi ni ẹ̀rù bà. N ò mọ irun dì, n ò lè gbọ́ igbe Samson kí n má bá a sunkún, mo sì fẹ́ kí ilé dákẹ́. Ó dákẹ́ lóòótọ́, fún ọdún mọ́kànlélógún. Wọ́n ní bàbá kì í bẹ ọmọ. Èmi ń bẹ̀ ọ́. Dárí jì mí.

Mo ti kọ irú ìwé yìí sí àwọn àbúrò rẹ, pé kí ẹ̀yin mẹ́ta wá lo ọ̀sẹ̀ kan níbí nígbà tí o bá wálé láti Àbújá. Láídé ní òun ń bọ̀. Samson ní òun á rò ó, n ò sì lè dá a lẹ́bi.

Ọlọ́run tó mú ọ lọ á mú ọ bọ̀ láyọ̀. Làálàá rẹ kò ní já sásán. Ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi tú ká, kí Ó bá mi kó o jọ kí ojú mi tó dì. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tí ojú ń tì,
Adédìran.

Àfikún: Má pè mí láti sọ pé kò sí wàhálà. Mo mọ̀ ọ́, ohun tí o máa sọ nìyẹn. Bí inú bá ń bí ọ, gbé ìbínú náà bọ̀ wálé, kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jọ bínú sí mi pa pọ̀.