Ẹ̀mí Mi Ku Ẹyọ Kan Nínú Fóònù

Sí Naimat ọmọ mi ní Tanke,

Mo kí ọ, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé, mo kí onílé yín náà. Ọlọ́hun yóò máa ṣọ́ ọ ní àjáde, yóò máa ṣọ́ ọ ní àbọ̀, àìsàn kò ní mọ ojúlé rẹ. Àmín. Ara ìyá rẹ le, ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, iṣu sì ń tà dáadáa. Má bínú pé ìwé ni mo kọ, tí n kò pè ọ́. N kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fóònù mọ́ ni. Ẹ̀mí mi tó kù nínú rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ.

O rántí pé bàbá Asabe, ọmọbìnrin tí ẹ̀gbọ́n rẹ Abdulhaleem fẹ́ fi ṣaya, ránṣẹ́ láti Kánò pé òun kò ní fi ọmọ fún ilé tí kò ti sí ẹni tó lè bá òun sọ Haúsá. Ìdí nìyẹn tí o fi fi nǹkan tó ń kọ́ni lédè sínú fóònù mi nígbà Iléyá. Mo jókòó tì í lóòótọ́. Láràárọ̀, tí mo bá ti kírun Àsùbáà tán, mo máa ń kí obìnrin inú rẹ̀ pé ẹ kú iṣẹ́ o, kò dáhùn rí. Ìyá rẹ ní ó lè jẹ́ ẹlẹ́hàá, kí n má dà á láàmú. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kí àna káàbọ̀, àmọ́ ohun tó ń kọ́ mi ni “Doki yana cin burodi,” ìyẹn ni pé ẹṣin ń jẹ búrẹ́dì. N kò rí ẹṣin tó ń jẹ búrẹ́dì rí, ṣùgbọ́n ta ni èmi tí mo máa bá olùkọ́ jiyàn?

Ní Ọjọ́bọ̀, mo tẹ ibi tí kò yẹ. Fóònù pariwo, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé, “Ẹ ti ṣì í. Ẹ̀mí yín ku mẹ́rin.” Naimat, n kò tilẹ̀ mọ̀ pé márùn-ún ni mo ní! Mo sáré tún un tẹ̀, ó di mẹ́ta. Mo fi ibi tí ìwé ilẹ̀ wà han ìyá rẹ, mo sì lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Hàrúnà nítorí ọ̀rọ̀ ààlà oko tí a ti ń bá ara wa yan odì láti ọdún mẹ́sàn-án. Ó bi mí bóyá ara mi kò yá. Mo gbé fóònù lọ bá Ààfáà Abdulraheem. Wọ́n ní Ọlọ́hun nìkan ló mọ iye ọjọ́ ẹni, pé kí n gbé irọ́ náà wá kí àwọn wò ó. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó di méjì. Wọ́n tún un tẹ̀, ó ku ẹyọ kan. Mo bi wọ́n pé ẹ̀mí ta ló lọ yìí. Wọ́n ní fóònù mi ni, ẹ̀mí mi náà ni, wọ́n sì dá a padà fún mi kíákíá, àmọ́ wọn kò lè jẹ tùwó iwájú wọn tán.

Ọjọ́ Sátidé ni àwọn àna dé, tàwọn ti Asabe. Abdulhaleem lọ pàdé wọn ní Ọ̀fà Garage, ó kó wọn wálé. Bàbá Asabe jókòó sórí ẹní, ó lejú koko. Gbogbo mọ̀lẹ́bí ń wò mí. Mo dìde, mo húkọ́ díẹ̀, mo ní, “Doki yana cin burodi.” Ọkùnrin náà wò mí títí, ó dìde, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó sì fi Yorùbá dá mi lóhùn pé, “Ewúrẹ́ mi wọ bàtà pupa.”

Àṣé òun náà ti ń kọ́ Yorùbá nínú fóònù tirẹ̀ ní Kánò! Mo fi Haúsá sọ fún un pé ọmọdé wà lábẹ́ tábìlì. Ó ní ìyá àgbà ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí òkun. Omi lé sí i lójú. Ó ní kí Asabe, tó gbọ́ èdè méjèèjì, sọ fún wa pé kò sí ẹni tó ṣe wàhálà tó báyìí rí nítorí àtibá òun sọ̀rọ̀, pé òun gbà, kí a mú ọjọ́ tí a óò so yìgì. Lẹ́yìn náà ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Ẹ̀mí tirẹ̀ ti tán pátápátá láti ọjọ́ Mọ́ńdè! Ọkùnrin tí kò ní ẹ̀mí kankan, tó sì wọkọ̀ láti Kánò dé ọ̀dọ̀ wa!

Nítorí náà, ọmọ mi, fi owó ránṣẹ́. Fóònù ní ẹgbẹ̀rún kan náírà ni ẹ̀mí márùn-ún. Kò wọ́n, àkùkọ gan-an ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí owó ọwọ́ rẹ kò bá tó ti ènìyàn méjì, ti àna mi ni kí o kọ́kọ́ rà. Èmi ṣì lè fara mọ́ ẹyọ kan tó kù yìí títí oṣù yóò fi parí.

Ọlọ́hun yóò fún ọ ní ọkọ tí yóò gbọ́ èdè rẹ kó tó di pé o lanu.

Èmi ni bàbá rẹ,
Mọ̀múdù