Bàbá Onírùngbọ̀n Tó Kọ̀ Láti Rìn

Màmá mi,

Ẹ kú ojú lọ́nà. Ara mi le, mo ń jẹun dáadáa. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ní mo rù nínú fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́, fọ́tò náà ló ṣe é.

Ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé ìtàn aláwòrán mi ti kógbá sílé. Àwọn èèyàn ò rà á mọ́. Ọ̀gá ní kí kálukú gbé tábìlì ẹ̀ lọ. Mo ru tèmi gba ìgboro, mo ń rẹ́rìn-ín. Yàrá mi báyìí kéré díẹ̀, ṣùgbọ́n gbígbá ẹ̀ kì í pẹ́.

Ọsibítù ni mo ti ń yàwòrán báyìí, èyí tó ń kọ́ aláìsàn bí wọ́n ṣe máa tọ́jú ara wọn. Bàbá onírùngbọ̀n kan wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti jinná, ó kọ̀ kò rìn. Mo pín ojú ìwé kan sọ́nà mẹ́fà, mo ya òun gan-an síbẹ̀ bí akọni: ó jókòó, ó di ògiri mú, ó ń dìde. Ìkẹfà nìkan ni mi ò ya nǹkan sí.

Mo gbé e fún un. Ó nawọ́ sí ìkẹfà, ó ní, "Èyí ńkọ́? Ṣé tádàá ẹ tán ni?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ ò tíì rìn ín ni."

Ó bú mi díẹ̀, ó di ògiri mú, ó dìde. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ló gbé! Màmá, ní gbogbo ọdún tí mo fi ń yàwòrán, mi ò rí òǹkàwé tó dá mi lóhùn báyẹn rí.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ kí àwọn aládùúgbò wa, kí ẹ sì sọ fún àbúrò mi pé kó má jẹ́ kí ẹ máa gbé omi.

Èmi ọmọ yín, ayàwòrán.