Ooru Tí Mo Rò Pé Ti Fóònù Ni

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi, ọmọ kan ṣoṣo tó tó igba ọmọ fún mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àwọn ọ̀gá rẹ kì í fi ojú rẹ gbolẹ̀? Èmi náà ń mí, a dúpẹ́, kò sẹ́ni tó kú ládùúgbò àfi ewúrẹ́ káfíńtà tó lọ jẹ gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ pákó. Ire la ó máa gbọ́ nípa ara wa o. Ojú kò ní í tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ.

Mo mọ̀ pé wàá ti máa pè mí, tí kò sì wọlé. Má bínú. Fóònù ti kú, èmi ni mo sì pa á.

Látìgbà tí o ti rà á fún mi ni mo ti ń gbé e lé àyà sùn, torí o ní ìrọ̀lẹ́ lo máa ń ráyè, mi ò sì mọ̀ bóyá ìrọ̀lẹ́ yín níbẹ̀ yẹn ni òru tiwa, ẹ̀rù ń bà mí kí o má lọ pè kí n má gbọ́. Ibi tó wà lé mi láyà náà ni ooru kan ti bẹ̀rẹ̀. Á gbéra láti àyà, á gun ọrùn, á dé orí, màá wá làágùn bí ẹni tí wọ́n da omi lé lórí, nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń wá aṣọ bora. Mo ní háà, iná inú fóònù yìí ló ń wọ̀ mí lára! Ṣebí iná la fi ń bọ́ ọ lójoojúmọ́, ibo ni gbogbo iná ọ̀hún ń gbà lọ? Ni mo bá wé e sínú ọ̀rá, mo dì í dáadáa, mo gbé e sínú garawa omi kí ara rẹ̀ lè tutù. Ó sì tutù lóòótọ́. Kò jí mọ́.

Ṣùgbọ́n ooru kò lọ, oorun ló lọ. Mo wá ń gbàgbé nǹkan. Apá òsì méjì ni mo rán mọ́ ẹ̀wù tíṣà kan, obìnrin náà ní ṣé apá òsì méjì ni Ọlọ́run fi dá òun ni. Dípò kí n bẹ̀ ẹ́, mo bú u, bó sì ṣe jáde báyìí ni mo bú sẹ́kún lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé orí mi ló fẹ́ dàrú, mi ò sì rí ẹni tí mo lè sọ fún. Látìgbà tí bàbá rẹ ti lọ, èmi àti ẹ̀rọ yìí la jọ ń gbélé, òun náà kì í sì í sọ̀rọ̀ àfi tí mo bá tẹ̀ ẹ́.

Àbúrò bàbá rẹ ọkùnrin ló wo ojú mi tó ní a gbọ́dọ̀ lọ sí ọsibítù. Ó bá mi wọ yàrá dókítà, ó jókòó tì mí pẹ́kípẹ́kí. Obìnrin ni dókítà náà, kò lè fi púpọ̀ jù ọ́ lọ, àfi bó ṣe bi mí pé ìgbà wo ni mo rí nǹkan oṣù mi kẹ́yìn. Lójú àbúrò ọkọ mi! Ìyàwó ilé wo ló máa la ẹnu sọ ìyẹn? Mo ní orí ló ń fọ́ mi. Wọ́n fún mi ní oògùn orí fífọ́, a sì wálé.

Nígbà tó yá mo yọ́ lọ lémi nìkan. Mo sọ fún dókítà náà pé fóònù ló kó ooru sí mi lára. Kò rẹ́rìn-ín o. Ó bi mí nípa oorun, nípa ẹkún, nípa nǹkan oṣù, mò ń dáhùn, títí mo fi rí i pé mo ti ń sọ ohun tí kò bi mí, pé ilé ti tóbi jù fún mi, pé oúnjẹ ẹni mẹ́ta ni mo ṣì máa ń gbé kaná kí n tó rántí. Ó gbé kálámù sílẹ̀, ó ń gbọ́ mi. Ó ní fóònù kò jẹ̀bi, orí mi kò sì dàrú. Ó ní nǹkan oṣù mi ló ń palẹ̀ mọ́, pé kì í lọ lẹ́ẹ̀kan náà, á máa lọ á máa bọ̀ bí àlejò tó ń gbàgbé fìlà, òun ló sì ń fa ooru àti àìsùn àti ìkanra. Ó ní ìtọ́jú wà. Ó gba ẹ̀jẹ̀ mi kó lè mọ̀ bóyá nǹkan mìíràn ò sí níbẹ̀, ó ní kí n padà wá. Nígbà tó sọ pé ọ̀nà ọmọ bíbí ló ń tì lọ yẹn, mo sunkún díẹ̀. Kò kúkú sí ẹni tí mo fẹ́ bímọ fún mọ́, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Ó wá bi mí pé ẹni ọdún mélòó ni ìyá mi nígbà tí tiwọn bẹ̀rẹ̀, torí ó máa ń bá ìdílé rìn. Mi ò mọ̀. Inú ilé kan náà la jọ gbé! Mo máa ń rí wọn tí wọ́n ń sùn sórí sìmẹ́ńtì lásán, tí wọ́n ń kanra mọ́ gbogbo ilé, a kàn ń yẹra fún wọn ni. Wọn ò sọ, a ò sì bi wọ́n. Àwọn nìkan ni wọ́n dá a gbé.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún oògùn, kí o sì ra fóònù mìíràn, kí o wá èyí tí ara rẹ̀ tutù, torí mi ò tíì gba dókítà gbọ́ tán lórí ìyẹn. Tí owó ò bá ká méjèèjì, fóònù ni kí o kọ́kọ́ rà.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ ní àjádelọ àti àbọ̀wálé. Wàá dàgbà, wàá darúgbó, ara á sì tù ọ́. Lọ́jọ́ tí dókítà bá wá bi ìwọ náà, má sọ pé o ò mọ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mí nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ ló sọ fún ọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ