Ohun Tí Ìyàwó Mi Fi Píkọ́ọ̀pù Mi Ṣe

Baruwa, Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Keje.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ìyá Ṣeunfúnmi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí orúnkún tó ń dùn yín sì ti fúyẹ́. Ara àwa náà le, àmọ́ ọkàn mi kò tíì wálẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ẹ mọ̀ pé mo lọ máàkì ìdánwò n'Íbàdàn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo dé, mo bá ọkọ̀ gàgàrà kan níwájú ilé wa. Táyà rẹ̀ tóbi, ó rí gbágungbàgun. Irin pẹlẹbẹ bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì, páìpù dúdú kan sì gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú lọ sókè. Mo rò pé a lálejò ni. Ìgbà tí mo ka nọ́ńbà rẹ̀ ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú: píkọ́ọ̀pù mi ni! Píkọ́ọ̀pù jẹ́jẹ́ tí mo fi ń kó ìwé ilé ẹ̀kọ́!

Mo pariwo. Susanna, ìyàwó yín, jáde wá, ó ní, "Bàbá Tómisìn, ẹ fara balẹ̀ ná. Èmi ni mo ní kí Mùtíù mẹkáníìkì gbé e lọ tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Akowonjo." Mo ní ṣé orí ẹ̀ pé ṣá? Táyà ẹ̀yìn méjì péré ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yẹn ń yí, kì í ṣe ọkọ̀ inú ẹrẹ̀, bó ti wù kí wọ́n gbé e sókè tó. Ó ní Mùtíù ti tún ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe kí táyà méjèèjì lè máa yí pọ̀, kí ọ̀kan má máa yí lásán. Ó ní páìpù yẹn ni ẹ́ńjìnnì yóò máa fi mí, kí omi má bàa wọ inú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ìgbà náà ló jókòó, tó sọ ohun tí kò lè sọ fún mi lórí fóònù. Ìyá Yésúfù, aládùúgbò wa tó máa ń kí mi ní "Tíṣà" láràárọ̀, ti kú. Ìrọbí mú un ní ọjọ́ kẹrin tí mo lọ. Ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sílé ìwòsàn rì sínú ẹrẹ̀ níbi kòtò ìsàlẹ̀ àdúgbò. Susanna tó ti ṣe agbẹ̀bí fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń dà, kò sì sí ohun tó lè ṣe. Ìyá lọ, ọmọ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi, ìdí nìyẹn tó fi ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ mi sókè.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lọ́sàn-án gangan, lẹ́yìn òjò ńlá, wọ́n sáré wá pe Susanna. Hamdalah, ìyàwó tuntun tó wà lópin àdúgbò, ti ń rọbí láti òwúrọ̀. Susanna na kọ́kọ́rọ́ sí mi. Mo wakọ̀. Nígbà tí a gbé Hamdalah tán tí a dé kòtò yẹn, omi ga dé ilẹ̀kùn, táyà ẹ̀yìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Susanna yọrí lójú fèrèsé, ó kígbe, "Ẹ bá wa gun ẹ̀yìn ọkọ̀ o! Ẹ̀yìn ti fúyẹ́ jù!" Àwọn ọkùnrin tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù sáré bọ́ sómi. Ẹni tó kọ́kọ́ fò gòkè ni Bàbá Yésúfù. Ọkọ olóògbé! Ó ń lu òrùlé ọkọ̀, ó ń ké pé, "Tíṣà, ẹ má dúró! Ẹ máa lọ, nítorí Ọlọ́hun!" Mẹ́jọ ni wọ́n. Bí wọ́n ṣe tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, táyà rí ilẹ̀ gidi dì mú, a sì jáde.

A dé ilé ìwòsàn ní Igando. Kò pé wákàtí kan, Hamdalah bí obìnrin. Ìyá yè, ọmọ yè. Mo sáré jáde lọ sọ fún àwọn tó bá wa wá, gbogbo wọn hó yèè. Bàbá Yésúfù ti kúrò láàárín wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ń fi fìlà rẹ̀ nu ẹrẹ̀ kúrò lára táyà ẹ̀yìn, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń fi í nu èkejì.

Kí Olúwa dá yín sí fún wa, kó fún yín ní ẹsẹ̀ tí ẹ ó fi rìn dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ kò ní fojú sunkún ọmọ.

Èmi ni àbúrò yín tó fẹ́ràn yín,
Olúgbénga Dáramọ́lá.

Àfikún: Ọkọ̀ náà kò gba ẹnu géètì wa wọlé mọ́. Mo ti pe àwọn tó ń jó irin, kí wọ́n wá gé òkè géètì kúrò.