Obì Aláwẹ́ Mẹ́fà Méjì Lọ́sàn-án Ọjọ́ Kan

Agbo Ilé Àrẹ̀mú,
Ìlá-Ọ̀ràngún.
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kọkànlá, 2024.

Kọ́láwọlé, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Dámisọ́lá ìyàwó rẹ, mo sì kí Oyèṣọlá kékeré tí n kò tíì gbé rí. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ara líle, kí eyín tí ẹ ní ó ń hù náà má sì fi ibà dà á láàmú. Àwa níhìn-ín wà dáadáa. Orúnkún Màmá ṣì ń dùn ún láàárọ̀, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti ràn díẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣe é.

Àkànbí àbúrò rẹ sọ fún mi pé o ní o kò ní wá sílé fún Kérésìmesì. Ó ní o sọ pé kì í ṣe Bàbá ló pè ọ́, òfin obì ló pè ọ́, àti pé bí ẹnu Bàbá bá gbà ọ́ tí ọkàn rẹ̀ kò gbà ọ́, Ìbàdàn sàn fún ọ. N kò dá ọ lẹ́bi. Èmi náà ìbá sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o ka lẹ́tà yìí tán kí o tó pinnu. N kò pè ọ́ lórí fóònù nítorí pé o máa ń já lu ọ̀rọ̀ mi bí mo bá ti dárúkọ Bàbá.

Kí n kọ́kọ́ fún ọ ní ìròyìn ilé. Àkànbí rí ẹ̀wù òtútù kan rà nínú òkìrìkà lọ́jọ́ ọjà, ẹ̀wù ńlá tó ní irun lọ́rùn, tó sì gùn dé orúnkún. Ó ní ọjọ́ ti pẹ́ tí òun ti ń wá irú rẹ̀, nítorí òtútù tó máa ń mú un lórí ọ̀kadà bó bá ń lọ síbi iṣẹ́ ní Òkè-Ìlá. Àwọn ọlọ́kadà ti sọ ọ́ ní Àgùntàn. Bí ó bá ti yọ lókèèrè, wọ́n á ní, "Àgùntàn, ṣé ká máa lọ?" Kò bínú. Ó ní ó sàn kí wọ́n pe òun ní àgùntàn ju kí òun máa gbọ̀n lọ.

Àwọn ọmọ agbo ilé, tí wọ́n ti di mọ́kànlá báyìí, rí eré tuntun. Wọ́n á jókòó sórí imọ̀ ọ̀pẹ tútù, wọ́n á sì yọ́ láti orí òkè ẹ̀yìn ilé wálẹ̀ títí dé ìdí ìbẹ́pẹ. Àǹtí Oyèbísí jáde láti lé wọn. Ó dúró, ó wò wọ́n títí, ó ní, "Ẹ sún. Ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó." Òun, àbúrò Bàbá, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, yọ́ wálẹ̀ tòun ti ìró àti gèlè, ó sì ní kí wọ́n gbé imọ̀ náà padà sókè fún òun.

Màmá náà rí tirẹ̀ he. Adìẹ dúdú tí gbogbo wa rò pé kò yé mọ́ ti ń yé sínú agbọ̀n tí Bàbá fi ń ru ohun èlò lọ sóko. Ẹyin mẹ́sàn-án ni Màmá bá níbẹ̀. Bàbá ní kí ẹnikẹ́ni má gbé agbọ̀n náà kúrò títí adìẹ yóò fi pa ẹyin rẹ̀. Ó ń há àdá àti ọkọ́ mọ́ abíyá lọ sóko báyìí, kò sì fẹ́ kí á sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ obì. Dámisọ́lá kò mọ òfin ilé wa, nítorí náà ka ibi yìí sí i létí. Lọ́dọọdún, gbogbo ilé á jókòó yí ká láti bó èèpo funfun kúrò lára obì tí a ti rẹ sómi. Ẹni tó bá rí obì aláwẹ́ mẹ́fà lọ́jọ́ náà yóò béèrè ohun kan lọ́wọ́ Bàbá, Bàbá kò sì gbọdọ̀ kọ̀. Awẹ́ mẹ́rin ni obì wa máa ń ní, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan a ní márùn-ún. Aláwẹ́ mẹ́fà ṣọ̀wọ́n gan-an. Bàbá tó bí Bàbá ló dá òfin náà sílẹ̀ kí àwọn ọmọ má baà sá fún iṣẹ́. Sọ fún Dámisọ́lá nípa ọdún tí Àǹtí Oyèbísí rí i, tó ní kí Bàbá gúnyán fún gbogbo ilé, tí a jẹ kókó iyán títí, tí kò sí ẹni tó gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Sọ tìrẹ náà fún un. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ọ́, o sì ní o kò fẹ́ wẹ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ kẹrin ni Màmá kúnlẹ̀ bẹ̀ ọ́.

Ohun tó wà láàárín ìwọ àti Bàbá, n kò ní díbọ́n pé n kò rántí. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí Bàbá lọ síbi ìsìnkú ní Ọ̀tan Ayégbajú, o gé igi obì tí ìyá rẹ̀ gbìn. Igi náà kò so fún ọdún márùn-ún, o fẹ́ fi àyè rẹ̀ gbin ẹ̀gẹ́, o sì rò pé inú Bàbá yóò dùn. Gbogbo wa la gbọ́ ohun tó sọ nígbà tó dé, pé Kọ́láwọlé kò gbọdọ̀ tẹ agbo ilé yìí mọ́ títí òun yóò fi kú. O mọ irú ẹni tó jẹ́. Bí ó bá ti sọ̀rọ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ọ̀rọ̀ náà yóò dúró, bí ó tilẹ̀ ń dun òun fúnra rẹ̀. Ìgbà tí o ṣègbéyàwó, ó jókòó sílé. Ìgbà tí Dámisọ́lá bímọ, ó ní, "Ó dára," ó sì gba oko lọ.

Lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá, a jókòó sídìí obì. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ń bu obì sínú abọ́ oníkálukú, ohun tí kò ṣe rí. Ti Màmá ló bù kẹ́yìn. Fúnminíyì ọmọ mi jókòó ti Màmá. Kò pẹ́ tó na ọwọ́ sínú abọ́ Màmá, ó mú obì kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ka awẹ́ rẹ̀ sókè títí ó fi dé ẹẹ́fà. Ariwo sọ. Àǹtí Oyèbísí gbà á, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní, "Obì yìí mà ti wẹ̀ kó tó wá." Òótọ́ ni, kò sí èèpo funfun kankan lára rẹ̀. Bàbá ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, èèpo obì míì máa ń bọ́ fúnra rẹ̀ sínú omi.

Ó wá kọjú sí Fúnminíyì, ó ní, "Inú abọ́ ta lo ti mú un?" Ọmọ náà ní abọ́ Màmá àgbà ni. Bàbá ní, "Ṣé kì í wá ṣe ti Màmá àgbà nìyẹn?" Fúnminíyì di obì náà mọ́ àyà, ó ní, "Ẹni tó bá rí i ni, Bàbá àgbà. Èmi ni mo rí i." Àkànbí náà dá sí i pé òfin lòfin. Bàbá mí kanlẹ̀, ó ní kó sọ ohun tó fẹ́. Ọmọ náà kò tilẹ̀ ronú. Ó ní, "Ajá."

Kọ́láwọlé, ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń wo ojú Bàbá. N kò rí i kí nǹkan mú un rẹ̀wẹ̀sì bẹ́ẹ̀ rí. Ó tún gbìyànjú. Ó ní, "O ò fẹ́ nǹkan míì? Bóyá ẹnìkan wà tó o fẹ́ rí?" Fúnminíyì ní, "Ajá ni, Bàbá àgbà. Kékeré."

A padà sídìí iṣẹ́. Màmá ń tú etí ìró rẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan, ọwọ́ rẹ̀ sì padà sínú abọ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Èmi náà rí ọ̀kan." Awẹ́ mẹ́fà ni. Èyí gbẹ, omi kò kàn án rí. Àǹtí Oyèbísí lanu, Màmá wò ó, ó sì pa á dé. Màmá ní, "Bàbá Fọlákẹ́, mo fẹ́ kí Kọ́láwọlé wá sílé, òun àti ìyàwó àti ọmọ rẹ̀." Bàbá kò gba obì náà wò. Kò ka awẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Òfin ni. Kó máa bọ̀." Màmá kò tíì gbé ẹnu kúrò níbẹ̀ tí Bàbá ti dáhùn. Lẹ́yìn náà ó dìde lọ sẹ́yìn ilé, ó sì pẹ́ kó tó padà.

Ibi tí ìròyìn tí Màmá fún ọ parí sí nìyẹn. Kò mọ ìyókù. Nígbà tí gbogbo ènìyàn ń yọ̀, èmi ń ṣe ìṣirò. Mo ṣí ìwé tí mo máa ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójúmọ́ sí kí n tó sùn. Láàárín ọdún mọ́kànlá, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin péré ni obì aláwẹ́ mẹ́fà jáde nílé wa. Méjì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, láti inú abọ́ kan ṣoṣo? O mọ̀ mí, n kì í lè gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí n sì sùn. Ti Màmá kò rú mi lójú, mo ti rí etí ìró. Ti àkọ́kọ́ ni kò yé mi.

Lọ́jọ́ ọjà, mo lọ bá Ìyá Kọ́lájọ tó ń ta obì, mo sì bi í bóyá ó ní aláwẹ́ mẹ́fà. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ náà, tíṣà? Kí lẹ̀ ń fi í ṣe nílé yín lọ́dún yìí?" Ó ní Màmá wá ra ọ̀kan, ó sì kìlọ̀ pé kí Bàbá má gbọ́. Ọjọ́ kejì, Bàbá dé. Ó jókòó sórí àpótí, ó tú odidi apẹ̀rẹ̀ kan wò lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó rí èyí tó fẹ́, òun náà sì kìlọ̀ pé kí Màmá má gbọ́. Ìyá Kọ́lájọ ní òun gbìyànjú láti pa ẹnu mọ́, pé ètè ti ń yún òun láti ọjọ́ yẹn.

Mo bi ara mi pé kí ló dé tí àgbàlagbà méjì, tí wọ́n ti jọ ń gbé fún ọdún mẹ́tàlélógójì, fi ń fi obì pamọ́ fún ara wọn, nígbà tí wọ́n lè jókòó sọ ọ́. N kò rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn. Ó lè jẹ́ pé nínú gbogbo ohun tó wà nílé yìí, òfin tí a fi ń ṣeré nìkan ló lè yí ọ̀rọ̀ Bàbá padà láìjẹ́ pé òun ló yí i padà. Ó sì lè jẹ́ pé èmi ni mo kàn fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Mo ti bi ara mi bóyá nǹkan míì ló fẹ́ kí Màmá béèrè. Ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́ta, kò sí ohun mìíràn tí Màmá ń béèrè, Bàbá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu obì sínú abọ́ rẹ̀. Wọn kò fipá mú un, Kọ́láwọlé. Òun ló lọ ra ohun tí wọn yóò fi mú un.

Má wá rò pé ọ̀rọ̀ igi náà ti tán lọ́kàn rẹ̀ o. Bí a bá jọ lọ sóko, ó ṣì máa ń gba ibòmíràn kó má baà kọjá níbẹ̀. Bí o bá dé, dọ̀bálẹ̀ fún un, kí o sì tọrọ àforíjì pé o gé igi ìyá rẹ̀. Pè é bẹ́ẹ̀, igi ìyá rẹ̀. Má sọ fún un pé kò so. Má sì jẹ́ kí òun tàbí Màmá mọ̀ pé o ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jà. Jẹ́ kí oníkálukú wọn máa rò pé òun nìkan ló mọ̀.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín ní ìjókòó àti ní ìrìn. Kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ní Ìbàdàn máa gòkè sí i, kí ara Dámisọ́lá máa le, kí Oyèṣọlá dàgbà lójú yín àti lójú àwa náà. Awakọ̀ kan tó ń lọ sí Ìbàdàn lọ́la ni yóò mú lẹ́tà yìí wá.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó kọ́ ọ ní ìwé kíkà,
Fọlákẹ́.

Àfikún: Mo ti fẹ́ lẹ àpòòwé nígbà tí Bàbá wọlé. Ó bi mí pé ta ni mò ń kọ̀wé sí. Mo ní ìwọ ni. Ó ní, "Sọ fún un kó wọ mọ́tò àárọ̀. Mọ́tò tó ń wọ Ìlá nírọ̀lẹ́ kì í pọ̀, ọmọ kékeré sì wà lọ́wọ́ wọn." Ó jáde, ó tún yọjú padà. Ó ní, "Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an." Bí ó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn.